Bí ẹ bá ń kó ẹgbẹ́ wá wo Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin)

Ẹ̀yin ará, bọ́ọ̀sì kékeré ni kí ẹ háyà. Èyí tó gùn kò ní lè yí ní àdúgbò àtijọ́, ọ̀nà ibẹ̀ há. Ààfin Honmè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí ìlú yìí ní 1861. Ọba Toffa, tó jẹ níbẹ̀ láti 1874 dé 1908, sì fara mọ́ Faransé. Bí ẹ kò bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí, àwọn ilé ìjọba òyìnbó kò ní yé yín.

Lẹ́yìn náà, Mọ́sáláṣí Ńlá. Ojú rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, torí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ló kọ́ ọ. Ó rẹwà púpọ̀! Ẹ má lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán Jímọ̀. Ẹ tètè wá amọ̀nà tó gbọ́ Yorùbá, kí ẹ sì gba owó sẹ́fà (owó tí wọ́n ń ná ní Benin) gbogbo ènìyàn jọ ṣáájú. Ṣéńjì ló ń dá ẹgbẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà.