Irọ́ tí ẹ pa fún brain box ni kò gbà gbọ́

Ọ̀pọ̀ brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì mọ́tò, tí wọ́n ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Odogunyan, Ìkòròdú, pé ó ti kú, kò kú rárá. Ẹ̀yin ọ̀gá ríwáyà, tí a bá gbé e sórí tábìlì láti dán an wò, ńṣe là ń tàn án pé inú mọ́tò ló wà, pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Irọ́ náà gbọ́dọ̀ jọ òótọ́.

Crank sensor, tó ń wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, ló ń dá àwọn èèyàn lágara jù. Ẹlòmíì á fi ẹ̀rọ signal rán signal tó ń lọ gbọọrọ láìní àlàfo sí brain box, nozzle tó ń tú epo ò ní ṣí, ó parí, wọ́n ti sọ ọ́ dòkú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Eyín wà lára irin tí sẹ́ńsọ̀ yẹn ń wò, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ díẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jámánì, àyè eyín 60 ni, méjì ò sí. Òmíràn 36, ọ̀kan ò sí. Àlàfo yẹn ni brain box fi ń mọ ibi tí piston dé. Tí kò bá rí i, kò ní tú epo, kò sì jẹ̀bi.

Ẹ má fi fóòtì (volt) 12 kan wáyà throttle sensor, tó ń sọ bí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì ṣe ṣí tó, láé. Fóòtì 5 ló ń jẹ, èsì rẹ̀ kì í sábà kọjá 0.5 sí 4.5. Ọmọ iṣẹ́ mi ṣe é lọ́dún tó kọjá. Ó dún "pá" wẹ́rẹ́, òórùn jíjóná gba tábìlì, chip kan tí kò tó èékánná là sí méjì. Awakọ̀ tó ń na Ìkòròdú sí Ṣàgámù ló ni mọ́tò náà, òun ló sì fi ń bọ́ ilé. Mo ra òmíràn fún un, àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi rí iṣẹ́ ṣe. Ó ṣì ń dùn mí.

Iná tí ẹ fi ń jí brain box ńkọ́? Charger bátìrì nìkan kò dáa, iná rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bátìrì gidi ni kẹ́ ẹ lò, pẹ̀lú fíúsì kékeré. Gbogbo wáyà earth brain box ni kẹ́ ẹ so, kì í ṣe ẹyọ kan, kí ti ẹ̀rọ signal sì pa pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fa iná bátìrì tààrà sí ẹnu wáyà nozzle. Nozzle gidi tàbí gílóòbù kékeré ló gbọ́dọ̀ wà láàárín. Tí ẹ bá fẹ́ pa irọ́ ti sẹ́ńsọ̀ omi ẹ́ńjìnnì, ẹ rántí pé bí omi bá ṣe ń gbóná ni ohm rẹ̀ (bó ṣe ń dènà iná tó) ń dínkù.

Tí gbogbo èyí bá pé, tí nozzle tú díẹ̀ tó tún dákẹ́, ẹ dá ọwọ́ dúró ná. Ó lè jẹ́ immobilizer, ohun tí kì í jẹ́ kí mọ́tò ṣiṣẹ́ láìsí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ò sí lórí tábìlì yín, òun sì ni brain box ń retí. Ẹ pe oníbàárà, kó kó kọ́kọ́rọ́ àti àpótí immobilizer rẹ̀ wá.