Bí a ṣe ń fi clinching so páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pọ̀ láì lo iná, láì lo ríbẹ́ẹ̀tì

Tí iná wẹ́dà bá kan páànù tí wọ́n fi sínkì bò, sínkì ojú ibẹ̀ á jó dànù, ibẹ̀ náà ni yóò sì kọ́kọ́ dípẹtà. Ríbẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀ ń fẹ́ ká lu ihò ká tó bẹ̀rẹ̀. Clinching ò nílò èyíkéyìí nínú méjèèjì. Pọ́ńṣì, ìyẹn irin tó ń tẹ̀ láti òkè, á ti páànù méjì pọ̀ wọ inú dáì, ìyẹn irin oníhò tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí irin bá kan ìsàlẹ̀ dáì tí kò ríbi lọ mọ́, á fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, páànù òkè á sì fi ìkọ́ sábẹ́ ti ìsàlẹ̀. Ohun tó yọ lápá dáì á wá rí roboto bíi bọ́tìnnì.

Àpẹẹrẹ tí a ó máa tẹ̀ lé ni páànù oní-sínkì méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan 1 mm, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà afẹ́fẹ́ AC, pẹ̀lú ojú (ìyẹn ibi kọ̀ọ̀kan tí a tẹ̀ láti so wọ́n pọ̀) tó fẹ̀ tó 8 mm.

Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ mọ páànù tó máa wà lápá pọ́ńṣì. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù lọ. Tí ìnípọn wọn ò bá dọ́gba, èyí tó nípọn ni kó kọjú sí pọ́ńṣì. Tó bá jẹ́ irin àti alumíníọ̀mù, irin ni kó kọjú sí i. Ìdí ni pé páànù apá pọ́ńṣì ló ń di ọrùn bọ́tìnnì, ọrùn yìí sì ni pọ́ńṣì ń nà jù. Páànù fẹ́lẹ́ tí a bá gbé síbẹ̀ á ya. Èyí tó wà lápá dáì náà ò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ ju ìdajì ìkejì rẹ̀ lọ. Irin tó le tí kì í nà, bíi irin sípíríìnì, kò yẹ fún iṣẹ́ yìí rárá.

Etí tí páànù méjèèjì fi gorí ara wọn kó tó 20 mm, kí dáì lè jókòó dáadáa. Ẹ fáìlì etí tó bá rí ṣákaṣàka, ẹ fi àkísà nu iyanrìn àti ẹrẹ̀ kúrò. Òróró fẹ́ẹ́rẹ́ ò ṣe nǹkan kan, àǹfààní ló tiẹ̀ jẹ́ fún alumíníọ̀mù, torí pé alumíníọ̀mù máa ń lẹ̀ mọ́ pọ́ńṣì. Ẹ di páànù méjèèjì mọ́ra pinpin kí àyè má ṣe sí láàárín wọn.

Ojú 8 mm lórí irú páànù yìí ń fẹ́ agbára tó tó tọ́ọ̀nù 3 sí 5. Férémù ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ le gan-an. Tó bá ń ya ẹnu nígbà tó ń tẹ̀, pọ́ńṣì àti dáì ò ní dojú kọra mọ́, bọ́tìnnì á sì nípọn lápá kan, á fẹ́lẹ́ lápá kejì.

Ẹ má fi ojú lásán sọ pé ó ti dára, torí pé bọ́tìnnì tí kò dì rárá lè dán bí èyí tó dì. Ìnípọn ìdí bọ́tìnnì ni kí ẹ wọ̀n. Ẹnu kálípà pẹlẹbẹ ò lè wọ inú ihò tí pọ́ńṣì fi sílẹ̀, ẹ lo èyí tó ní ẹnu ṣóńṣó. Lórí 1 mm àti 1 mm, ìdí yìí sábà máa ń wà láàárín 0.6 sí 0.8 mm, àmọ́ nọ́ńbà tó wà nínú ìwé àwọn tó ṣe pọ́ńṣì yín ni kí ẹ dì mú, kó má sì fi ju 0.1 mm yẹ̀. Tí ìdí náà bá nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, agbára tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ ò tó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ àpẹẹrẹ mélòó kan sórí ègé páànù. Ẹ fi ayùn irin la ọ̀kan sí méjì gba àárín, ẹ fi pépà iyanrìn dán ojú rẹ̀. Ẹ ó rí ìlà tó pín páànù méjèèjì bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, tó sì yà síta nísàlẹ̀. Yíyà yẹn ni ìkọ́. Tí ìlà náà bá sọ̀ kalẹ̀ tààrà, kò sí ohun tó dì í mú.

Ẹ fi báìsì di àpẹẹrẹ mìíràn tí ẹ kò là mú, kí ẹ fi pulayásì ya páànù méjèèjì kúrò lára ara wọn. Tí bọ́tìnnì bá yọ lódindi bó ṣe ń yọ lára ṣẹ́ẹ̀tì, ìkọ́ kéré, ẹ fi kún agbára. Tó bá jẹ́ pé ọrùn ló já, tí ihò roboto wà lára páànù òkè, pọ́ńṣì ti tóbi jù fún ìnípọn yẹn, tàbí páànù fẹ́lẹ́ ló wà lápá pọ́ńṣì. Fífi kún agbára ò lè tún ìyẹn ṣe. Pọ́ńṣì tàbí dáì ni kí ẹ pààrọ̀, tàbí kí ẹ yí páànù padà kí èyí tó nípọn lè kọjú sí pọ́ńṣì.

Ojú roboto kan ṣoṣo máa ń jẹ́ kí páànù yí, torí náà ó kéré tán, ẹ tẹ méjì. Ojú kan kì í lágbára tó ti spot welding (fífi iná mànàmáná jó páànù pọ̀ lójú kan), pàápàá tí wọ́n bá ń fà á ya bí ìwé. Ẹ ṣètò iṣẹ́ yín kí ẹrù máa fa páànù gba ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fi kún iye ojú.

Tí ọ̀kan bá bàjẹ́, ẹ má tún un tẹ̀ níbẹ̀. Irin ibẹ̀ ti le, á sán. Ẹ sún sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ tẹ òmíràn, tàbí kí ẹ fi dírìlì lu ti àkọ́kọ́ dànù kí ẹ fi ríbẹ́ẹ̀tì dí ihò náà.