Bí a ṣe ń ṣíná sí katakata oní-dísù nígbà òtútù
Ooru afẹ́fẹ́ tí písítìnì (irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì) fún pọ̀ ni ó ń dáná sí dísù, ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì tó tutù fi máa ń ṣòroó ṣíná. Bí katakata yín bá ní páláàgì amóoru (irin kékeré tí iná bátìrì ń mú gbóná nínú ẹ́ńjìnnì), ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ipò rẹ̀, kí ẹ sì dúró títí iná kékeré iwájú yín yóò fi kú. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ pátápátá, nítorí ọ́ìlì jíà ti ki bí oyin, kí ẹ tó yí sítátà, ẹ má sì jẹ́ kí ó ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 2 kí ẹ tó tún gbìyànjú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fọ́n éítà (èròjà tó tètè ń gbiná, tí àwọn kan ń fọ́n kí ẹ́ńjìnnì lè tètè ṣíná) sí ẹ́ńjìnnì tó ní páláàgì amóoru, nítorí ó lè bú gbàmù. Bí ó bá ṣíná tán tó sì kú, ẹ wo fílítà: dísù tó dì bí ọ̀rá lè ti dí i.