Ilé ìwé ní kí ọmọ yín fo kíláàsì: ohun tí ẹ ó ṣe kí ẹ tó gbà

Ìparí tẹ́ẹ̀mù kẹta ni ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń délẹ̀ ní àwọn ilé ìwé aládàáni Ìkòròdú. Hẹ́ẹ̀dì tíṣà á pè yín: orí ọmọ yín pé, kó ti Primary 3 bọ́ sí Primary 5. Ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbà. Ẹ tọrọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ Primary 4, tẹ́ẹ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí òun gan-an lọmọ fẹ́ fò. Bí wọn ò bá fún yín, ẹ yá nóòtì ọmọ àdúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Primary 4.

Ẹ wá ìbéèrè ìdánwò Primary 4, 20 nínú ìṣirò, 20 nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má kọ́ ọ ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Bó bá gba 15 sókè nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà là. Bó bá jẹ́ 10 sí 14, ẹ lè fi họlidé dí àlàfo rẹ̀. Bí kò bá tó 10, ẹ fi í sílẹ̀ sí kíláàsì rẹ̀, ipò kìíní yòówù kó ṣe.

Ọ̀nà tó gbà ṣe ìṣirò ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ẹ ní kó ro 1/3 mọ́ 1/4. Ọmọ tó yára sábà máa ń kọ 2/7: ó ro òkè mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ má tíì pè é ní àṣìṣe. Ẹ gé búrẹ́dì sí ègé 12. Ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ ègé 4, ìdá kan nínú mẹ́rin jẹ́ 3. Àpapọ̀ wọn 7, ìyẹn 7/12. Ẹ wá bi í pé báwo ni 2/7 ṣe kéré ju 1/3 tó fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ṣe ló fi kún un. Ọmọ tí kò bá rí èyí á há ìṣirò ìdá sórí, á máa gba máàkì, títí pásẹ́ǹtì á fi dé ní Primary 5 tí gbogbo rẹ̀ á dojú rú.

Họlidé: ọ̀sẹ̀ 6, ọjọ́ 4 lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 40 lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ 3 àkọ́kọ́ fún ìdá àti pípín nọ́ńbà gígùn nìkan. Ọ̀sẹ̀ 2 fún ìwé kíkà àti àròkọ. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ tún ìdánwò yẹn ṣe. Kó máa da ìdajì ojú ewé kọ lójoojúmọ́, torí ọwọ́ ọmọ kékeré kì í tètè bá orí rẹ̀. Lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún họlidé, láti àárọ̀ sọ́sàn-án tó wà káàkiri Sábó ní Ìkòròdú ńkọ́? Ẹ̀kọ́ Primary 5 ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ihò Primary 4 á sì wà bó ṣe wà.

Ẹ ka ọjọ́ orí. Ọmọ tó wọ Primary 1 ní ọdún 5 máa parí SS3 ní 17. Bó bá fo ọ̀kan, 16. Bó bá tún ti Primary 5 wọ JSS1, ó di 15. Lọ́dún 2025, JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, ní ẹni tí kò tíì pé 16 gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán 320 nínú 400 kí wọ́n tó lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ọdún tí ẹ fò ní ìsàlẹ̀, ọmọ lè jókòó sílé san án lókè.

Kí ẹ tó san owó tẹ́ẹ̀mù kìíní Primary 5, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ilé ìwé pé ọmọ lè padà sí Primary 4 lẹ́yìn ìsinmi àárín tẹ́ẹ̀mù bí ọ̀rọ̀ kò bá wọ̀.