Bó o ṣe lè mọ àṣírí tí Bàbá ẹ bò mọ́lẹ̀ láìdá ìjà sílẹ̀ nílé

Ohun àkọ́kọ́, má lọ bi Bàbá fúnra wọn o. Ohun témi ṣe nìyẹn, mo gbé fọ́tò lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi àkàrà mu ẹ̀kọ láàárọ̀, mo ní Bàbá, ọmọ ta làwọn ọmọ méjì yìí, wọ́n kàn nu ọwọ́ wọn, wọ́n ní ta ló ní kó o ṣí àpótí mi, ọ̀rọ̀ kú síbẹ̀ fún odidi ọdún kan.

Fọ́tò ọ̀hún gan-an ló yẹ kí n kọ́kọ́ jókòó tì. Tó o bá rí ti àtijọ́, yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, torí àwọn onífọ́tò ayé ọjọ́un máa ń lu sítáǹpù ṣọ́ọ̀bù àti ìlú wọn síbẹ̀. Kumasi, ìlú kan ní Gánà, ló wà lẹ́yìn tèmi, ó ti ṣá bí àdìrẹ tí wọ́n fọ̀ fọ̀ fọ̀, ẹnì kan wá fi bírò kọ 1968 sábẹ́ ẹ̀. Ṣebí November 1969 ni ìjọba Busia ní kí àlejò tí ò níwèé ìgbélùú kúrò ní Gánà, ọ̀sẹ̀ méjì péré, làwọn èèyàn wa láti Òṣogbo, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà bá ń di ẹrù lóru, àwọn míì sì fọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Tí Bàbá ẹ bá gbébẹ̀ rí, yáa jókòó ṣírò ọdún.

Tún fetí sí orúkọ táwọn ẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n. Bàbá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, "Bàbá Ìbejì" ló máa ń pe tiwa, kò sì síbejì kankan nílé wa, èmi rò pé àwàdà ni. Bákan náà, tí Ìdòwú bá wà nílé yín láìsí Táyé àti Kẹ́hìndé, béèrè ibi tí wọ́n wà.

Ta lo máa wá bi? Àbúrò Bàbá kọ́ o, ìyẹn á bò wọ́n láṣìírí ni. Àwọn ìyálé ilé tó ti dàgbà ni kó o lọ bá, ra búrẹ́dì àti mílíìkì dání, jókòó pẹ́, má dárúkọ ọmọ rárá, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni kó o dá sílẹ̀. Mo bi ìyá kan lágboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun pé ta ló ń dáná fún Bàbá nígbà tí wọ́n wà lọ́hùn-ún. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣé ìyá àwọn ìbejì ni?" Wọ́n wá yára fọwọ́ bo ẹnu.

Àwọn àbúrò mi ń bẹ̀rù ogún, pàápàá tó bá jẹ́ ìdí igi la máa fi pín in, ìyẹn ni pé kí ìyá kọ̀ọ̀kan àtàwọn ọmọ ẹ̀ gba ìpín kan. Ẹ̀rù ò yí nǹkan kan padà jàre, abala 42 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 ò jẹ́ kí wọ́n tìtorí bí wọ́n ṣe bí ọmọ fi ẹ̀tọ́ ẹ̀ dù ú.

Ìgbà tó o bá ti mọ gbogbo ẹ̀ lo tó padà sọ́dọ̀ Bàbá, nígbà tílé bá dá. Èmi ò tiẹ̀ béèrè nǹkan kan mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ìbejì." Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní kí n lọ gbé àpótí yẹn wá.