Títọ́jú Ọ́kíìdì Òkè Tútù Nínú Ilé

Orí òkè Andes, ní Kòlóńbíà, Ẹkuadọ̀ àti Perú, ni ọ̀pọ̀ Masdevallia àti Dracula, ìyẹn oríṣi méjì lára òdòdó tí wọ́n ń pè ní ọ́kíìdì, ti ṣẹ̀ wá, nínú igbó tí kùrukùru sábà máa ń bò. Wọ́n ń gbé ara igi bí àfòmọ́, àmọ́ wọn kì í mu oje igi; òjò àti ìrì ló ń bọ́ wọn.

Ooru ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣọ́

Lọ́sàn-án, ẹ má jẹ́ kí ibẹ̀ gbóná ju 25°C lọ. Lóru, kó tutù dé nǹkan bí 10 sí 14°C. Òtútù òru yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbójú fò: bí òru bá móoru, oúnjẹ tí ewé pèsè lọ́sàn-án ló máa jó tán kílẹ̀ tó mọ́. Ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kó ọ́kíìdì òkè sínú ilé dígí tó gbóná bí ààrò, àwọn ọ́kíìdì náà sì ń kú lọ rẹrẹ.

Ẹ̀rọ amúlétutù ṣeé lò, ṣùgbọ́n ó ń gbẹ afẹ́fẹ́. Nítorí náà, inú àpótí dígí ló yẹ wọ́n. Ẹ lè gbé ike omi dídì síbẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú. Bí òru yín kì í bá lọ sílẹ̀ ju 20°C, tí kò sì sí ohun tí yóò mú un tutù, mo bẹ̀ yín, ẹ má rà wọ́n. Phalaenopsis, oríṣi ọ́kíìdì mìíràn, fẹ́ràn ilé tó móoru, òun ni kẹ́ ẹ gbìn.

Omi

Ọ̀pọ̀ ọ́kíìdì mìíràn ní ọ̀pá wíwú nísàlẹ̀ ewé, tó dà bí àmù omi fún wọn. Àwọn wọ̀nyí ò ní àmù kankan. Mọ́ọ̀sì sphagnum (ewéko rírọ̀ tó ń fa omi mọ́ra) tí wọ́n wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò: kó mú ìka tutù, kí omi má sì ro sílẹ̀. Omi òjò ló dára jù. Omi ẹ̀rọ tó ní iyọ̀ ilẹ̀ púpọ̀ ń jó gbòǹgbò tín-ínrín wọn. Ṣóńṣó ewé tó ń dúdú ló ń kọ́kọ́ fi hàn. Ajílẹ̀ pẹ̀lú, ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike ti tó.

Kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà láàárín 70 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún, kí fáànù kékeré sì máa fẹ́ tọ̀sán-tòru. Ọ̀rinrin tí atẹ́gùn ò bá là kọjá ń mú ewé rà.

Dracula nìkan

Ìsàlẹ̀ ni ọ̀pá òdòdó rẹ̀ ń gbà jáde. Bẹ́ ẹ bá gbìn ín sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ dí, inú mọ́ọ̀sì ni ìrudi máa jẹrà sí, ẹ ó sì rò pé kò rúdi rí. Apẹ̀rẹ̀ oníhò gbòòrò ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ sókè. Òdòdó àwọn kan jọ olú, ó sì ń rùn bí olú, kí àwọn eṣinṣin kéékèèké lè wá bà lé e.

Ti Masdevallia tovarensis yàtọ̀: ọ̀pá tó ti yọ òdòdó tẹ́lẹ̀ lè tún yọ òmíràn. Ẹ má gé e níwọ̀n ìgbà tí àwọ̀ ewé bá ṣì wà lára rẹ̀.