Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Ọmọ Ajá Tuntun Lọ́wọ́ Àrùn Tó Ń Ràn: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Agbo Ilé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù, ajá ni ó ń ṣọ́ ilé àti ọgbà adìẹ lóru, ọ̀pọ̀ ọdẹ kì í sì í wọ igbó láìmú un dání. Síbẹ̀, a máa ń rí ọmọ ajá tuntun tó kú kí oṣù kan tó pé tí wọ́n gbé e wálé, tí àwọn ará ilé á sì sọ pé ayé ni ó ṣe é, tàbí pé ẹnìkan fún un ní májèlé jẹ. Àrùn tó ń ràn ni ó sábà máa ń pa wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú ikú yìí ni a sì lè dènà.

Ọmú àkọ́kọ́ tí ìyá ọmọ ajá fún un mu ni ààbò rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ààbò yìí ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí ọ̀sẹ̀ 16, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ ọjọ́ tí yóò tán. Bí ó bá ṣì pọ̀ lára ọmọ ajá, kò ní jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ó bá sì ti tán, àrùn lè wọlé wẹ́rẹ́. Nítorí èyí ni dókítà ẹran ṣe ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tí ó sì ń tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra wọn títí ọmọ ajá yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ẹni tó jẹ́ kí wọ́n gún ọmọ ajá rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ kan péré, tó wá tú u sílẹ̀ sí àdúgbò, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì dé ìdajì.

Àrùn parvo ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Ọdún 1978 ni àwọn onímọ̀ dá a mọ̀ lára ajá, ó sì ti tàn káàkiri ayé láti ìgbà náà. Ọmọ ajá tí ó bá mú kò ní jẹun, yóò máa bì, yóò sì máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí òórùn rẹ̀ burú gan-an, omi ara rẹ̀ á gbẹ, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ 2 sí 3. Kòkòrò àrùn náà ń bá ìgbẹ́ jáde, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn títí di ọdún kan. Ọmọ ajá yín lè má fojú kan ajá mìíràn rárá kí ó sì kó o, nítorí bàtà tí ẹ wọ̀ lọ sọ́jà, táyà ọ̀kadà àti àwo tí ajá tó kú fi jẹun lè gbé e wálé. Ọṣẹ lásán kò pa á. Ẹ kó ìgbẹ́ kúrò, ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀, kí ẹ wá po bílíìṣì ife 1 mọ́ omi ife 30, kí ẹ dà á sórí ilẹ̀ oníṣìmẹ́ǹtì náà fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó ṣàn án. Ilẹ̀ oníyẹ̀pẹ̀ kò ṣeé fọ̀ báyìí. Nítorí náà, bí ajá bá ti ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ kú ní àgbàlá yín láàárín ọdún kan sẹ́yìn, a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé òmíràn wá síbẹ̀ àfi èyí tó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé.

Àrùn mìíràn ni distemper, tó ń bá èémí àti ikọ́ ràn; àmì rẹ̀ ni ikun imú, ìpin ojú, ikọ́, lẹ́yìn náà gìrì. Kò ní oògùn tó ń pa á. Ìtọ̀ eku náà ń fa àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, tó sì lè ran ènìyàn, nítorí náà ẹ bo oúnjẹ ajá. Bí ọmọ ajá bá pé oṣù 3 ni a ń gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, a ó sì tún un gún lẹ́yìn ọdún kan. Bí ajá bá gé ọmọdé jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Inú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ń gbé, iná wa kì í sì í dúró. Ẹ má ṣe rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri nínú àpò. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni kí ẹ lọ, tàbí ilé ìwòsàn ẹranko ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta. Bí ẹ bá ń lọ, inú páálí ni kí ẹ gbé ọmọ ajá náà sí, ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ajá aláìsàn ń wá. Oògùn aràn ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 2.

Bí ọmọ ajá bá ń bì, epo pupa àti àgbo kò lè wò ó. Wákàtí tí ẹ fi ń dán wọn wò ni omi ara rẹ̀ fi ń tán. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ajá yòókù, kí ẹ sì gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání, nítorí òun ni dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè.